Òfin Ṣọ́ọ̀bù Kòkúmọ́ Onífìlà

Bí ẹ bá wọ Ìlaròó lọ́dún tí Kòró dé, tí ẹ béèrè ẹni tó bẹ̀rù àrùn náà jù lọ nínú ìlú, ẹ ò ní í tíì parí ìbéèrè yín tí wọ́n á fi nawọ́ sí ṣọ́ọ̀bù Kòkúmọ́ onífìlà, lójú ọ̀nà tó lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ gíga póòlì. Kì í ṣe pé ọkùnrin náà jẹ́ ojo o. Ẹni tó ti fi ọ̀kadà gba inú igbó Ìpókíà wọlé láìmọye ìgbà, tó di aṣọ àrán Kútọnu mọ́ ẹ̀yìn ọ̀kadà, tó sì ń kí àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù bí ẹni tó ń ti oko bọ̀, ẹ ò lè pe irú rẹ̀ ní ojo. Ẹ̀rù ara rẹ̀ kọ́ ló ń bà á. Ẹ̀rù Morónkẹ́ ìyàwó rẹ̀ ni.

Àtikékeré ni ásímà ti ń bá Morónkẹ́ fínra. Bí ọyẹ́ bá ti ń fẹ́, tàbí bí ará ilé kan bá ń sun koríko lẹ́yìnkùlé, àyà rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í han bíi ti ológbò tó ń sùn nídìí ààrò. Àwọn méjèèjì ti lé ní àádọ́ta ọdún, Inúmidùn, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, sì wà ní Èkó nílé ọkọ rẹ̀. Ara wọn ni wọ́n ní. Nígbà tí rédíò wá ń sọ ọ́ láràárọ̀ pé èémí gan-an ni àrùn tuntun yìí ń já gbà lọ́wọ́ èèyàn, pàápàá lọ́wọ́ àwọn tí àyà wọn ò lágbára, Kòkúmọ́ wo ìyàwó rẹ̀ níbi tó jókòó sí tó ń ṣa òkúta inú ẹ̀wà, ó sì dìde lọ ti géètì.

Àwọn ará ìlú tó kù kò dààmú tó bẹ́ẹ̀. Ìjọba ti ti bodè Ìdìrókò pa láti ọdún tó ṣáájú nítorí ìrẹsì, àwọn èèyàn sì ń sọ pé kí ọkàn gbogbo wa balẹ̀, àrùn wo ló fẹ́ gba ibi tí àpò ìrẹsì ò lè gbà kọjá? Ìrẹsì Kútọnu ni wọ́n ń jẹ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́.

Kòkúmọ́ ò bá wọn dá sí i. Ilé ló ti bẹ̀rẹ̀. Morónkẹ́ ń ta aṣọ òkírìkà ọmọdé lọ́jà, obìnrin ọlọ́yàyà ni, ẹni tó jẹ́ pé bó bá fẹ́ ra iyọ̀, á kí ilé mẹ́jọ kó tó dé ọ̀dọ̀ oníyọ̀. Ọkọ rẹ̀ ní kò gbọdọ̀ yọjú sọ́jà mọ́. Ó ní àwọn ẹlẹ́gbẹ́ ọjà ò gbọdọ̀ wá kí i, àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì ò gbọdọ̀ wá gbàdúrà fún un, kí wọ́n gbà á láti ilé wọn, Ọlọ́run ò dití. Ẹ̀gbọ́n Kòkúmọ́ obìnrin gbé iṣu wá láti Ayétòrò, ẹnu géètì ni Kòkúmọ́ ti dá a padà. Ẹ̀gbọ́n ju iṣu sílẹ̀, ó bú u dáadáa, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Kòkúmọ́ tẹ́ iṣu náà sínú oòrùn títí ó fi dá a lójú pé kò sí àrùn kankan lára rẹ̀ mọ́, kó tó jẹ́ kó wọlé. Òun fúnra rẹ̀ kó ẹní rẹ̀ lọ sí pálọ̀, ó sì fi yàrá sílẹ̀ fún ìyàwó rẹ̀ nìkan.

Morónkẹ́ ò bá a jà. Ó ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ ni, bó ṣe máa ń ṣe.

“Bàbá Inúmidùn, ṣé mo lè yọjú síta kí n kí ìyá alákàrà?”

“Kí i láti ojú wíńdò.”

“Etí ẹ̀ ò gbọ́ràn dáadáa.”

“Juwọ́ sí i, nígbà náà.”

Morónkẹ́ rẹ́rìn-ín, ó lọ sójú wíńdò, ó sì juwọ́ sí i. Ìyá alákàrà ò wo ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó tún juwọ́ díẹ̀ sí i, ó wá fà sẹ́yìn, ó jókòó.

Níbi iṣẹ́, ọ̀rọ̀ ò rọgbọ. Ìjọba fòfin de ìgbéyàwó, ìsìnkú àti ìsọmọlórúkọ, ta ló wá fẹ́ ra fìlà? Ẹni tó bá gbélé láti àárọ̀ dalẹ́, orí òfìfo náà tó o. Kòkúmọ́ ń gbọn eruku kúrò lára fìlà tó ti rán sílẹ̀ ni, títí ọjọ́ tí wọ́n kéde pé ẹni tó bá jáde láìfi ìbòmú bo imú àti ẹnu rẹ̀ yóò rí ìjà ìjọba. Bó ṣe gbọ́ ọ báyìí, ó yọ síṣọ́ọ̀sì rẹ̀, ó kó àjákù àǹkárá tó wà nínú àpò jáde. Kí ni ìbòmú bí kì í bá ṣe fìlà kékeré tí wọ́n dé sí imú? Ó fi aṣọ gẹ́ẹ̀sì tín-ín-rín sí ẹ̀yìn rẹ̀, ó sì rán eteetí rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń rán eteetí fìlà. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, kò sí ìbòmú tó rẹwà tó tirẹ̀ láti Ìlaròó títí dé Ìfọ́nyìntẹ̀dó.

Èrò sì ya dé. Kòkúmọ́ wá rí i pé bí èrò bá ń wá, àrùn náà lè bá èrò wá, àti pé òun lòun ń padà sílé lọ́dọ̀ Morónkẹ́ lálaalẹ́. Ìdí nìyí tó fi gbé òfin kalẹ̀, irú òfin tí wọn ò ní ní ọ́fíìsì gómìnà pàápàá. Kẹ́ẹ̀gì omi ńlá tó ní ẹ̀rọ wà lẹ́nu ọ̀nà, ọṣẹ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó fi ẹfun yí òbìrí róbótó sílẹ̀ káàkiri iwájú ṣọ́ọ̀bù, òbìrí kan fún èèyàn kan. Ẹni tó bá ti fọwọ́ tán, Kòkúmọ́ á fín sánítáísà sí i lọ́wọ́, á tún fín in sí i ní bàtà. Kò sí bíbọ ọwọ́. Kò sí ìdọ̀bálẹ̀ pàápàá, ẹ bẹ̀rẹ̀ díẹ̀, ó ti tó. Owó bébà, inú abọ́ omi ọṣẹ ni ẹ máa jù ú sí, á sì sá a sórí okùn kó gbẹ. Ẹni tó bá gba ọ̀nà yẹn kọjá á rí náírà tó ń fẹ́ lẹ́lẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìbòmú.

Wọ́n bú u. Wọ́n pè é ní Dókítà Onífìlà. Ẹni tó bá da omi síwájú á tẹlẹ̀ tútù, ohun tó ń sọ fún wọn nìyẹn, á sì tún fín sánítáísà sí wọn lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ẹ wá jẹ́ kí n sọ nípa dígí fún yín.

Kòkúmọ́ ti fi ọ̀pọ̀ ọdún rán fìlà, nínú gbogbo ohun tí ọ̀gá rẹ̀ kọ́ ọ, òfin kan wà tí kò tíì rú rí: fìlà tí oníbàárà ò bá dé wò níwájú dígí, má ṣe tà á. Orí èèyàn ò dọ́gba. Bí fìlà bá fún ẹni tó rà á, ẹni yẹn ò jẹ́ sọ láyé pé orí òun ló tóbi, onífìlà ni yóò máa bú káàkiri ìlú. Bí orí ò ṣe dọ́gba, bẹ́ẹ̀ náà ni imú ò dọ́gba. Kòkúmọ́ ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé ìbòmú lọ tí kò bá a mu. Àbí kí ni àǹfààní ìbòmú tó ń yọ̀ bọ́ nímú?

Báyìí ló ṣe ń lọ: oníbàárà tó ti fọwọ́, tó ti gba sánítáísà lọ́wọ́ àti lẹ́sẹ̀, tó ti dúró sínú òbìrí rẹ̀ títí ó fi kàn án, á wọlé síwájú dígí ńlá. Kòkúmọ́ á fi igi gígùn kan tó ní ìkọ́ já ìbòmú bọ̀ láti orí okùn, nítorí kò fẹ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ kàn án. Oníbàárà á fi í kọ́ etí. Á yíjú sọ́tùn-ún, á yíjú sósì. Á rẹ́rìn-ín nínú rẹ̀ láti mọ̀ bóyá ẹ̀rín ṣì ń hàn lójú, á sọ̀rọ̀ sókè láti mọ̀ bóyá ohùn ń jáde, á wúkọ́ díẹ̀ láti mọ̀ bóyá ó gba èémí. Á wá bọ́ ọ.

“Ó dáa, àmọ́ ó ń jẹ́ kí n dà bí adigunjalè. Ẹ fún mi ní aláwọ̀ ewé yẹn.”

Kòkúmọ́ á fi ìkọ́ gba ti àkọ́kọ́, á dá a padà sórí okùn, á já aláwọ̀ ewé bọ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ò kan nǹkan kan. Ìmọ́tótó náà pọ̀ débi pé ojú á fẹ́ máa ti ẹni tó ń wò ó.

Ẹni tó mọ ìbòmú dán wò jù lọ ni Bàbá Oyèkúnlé, ọ̀gá àgbà ilé-ìwé tó ti fẹ̀yìn tì, ẹni tó fi gbogbo ayé rẹ̀ kọ́ àwọn ọmọ Ìlaròó ní ẹ̀kọ́ ìlera. Ojoojúmọ́ ni Bàbá ń wá, wọn ò sì tíì ra ẹyọ kan.

“Bàbá, ẹ ti dán gbogbo ẹ̀ wò tán lánàá.”

“Àná kọ́ lòní, Kòkúmọ́. Mi ò tíì fárùngbọ̀n lánàá.”

Kò sí ẹni tó rí nǹkan tó burú níbẹ̀. Olùkọ́ póòlì ń dán an wò, àgbẹ̀ ń dán an wò, pásítọ̀ àti ààfáà ń dán ọ̀kan náà wò níṣẹ̀ẹ́jú sí ìṣẹ̀ẹ́jú, wọ́n sì ń kí ara wọn pé ó yẹ yín.

Ẹni kan ṣoṣo tí Kòkúmọ́ ń bẹ̀rù pé ó máa pa ìlú run ni Edith, obìnrin ará apá Kútọnu kan tó ń ta ìbòmú lábẹ́ agbòjò ní ọ̀ọ́kán rẹ̀. Edith ò ní omi, kò ní ọṣẹ, kò mọ ohun tí wọ́n ń pè ní òbìrí. Ó di ìbòmú rẹ̀ sínú ọ̀rá lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì so wọ́n mọ́ agbòjò. Kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dán an wò. Ẹnìkan ti wọ ọ̀kan símú sá lọ rí.

“Peyé dabọ́ọ̀!” ló máa ń pariwo. “Sanwó ná! Tó o bá ti sanwó, lọ dán an wò nílé bàbá ẹ.”

“Ẹ wo obìnrin yìí,” Kòkúmọ́ á sọ fún àwọn oníbàárà rẹ̀. “Àwọn oníbàárà ẹ̀ ò fọwọ́, wọn ò sì lè mọ̀ bóyá ìbòmú bá imú wọn mu. Irú wọn ni yóò pa wá.” Àwọn tó wà nínú òbìrí á mi orí, wọ́n á sì padà síwájú dígí.

Nígbà tó yá, ìròyìn ṣọ́ọ̀bù náà dé etí àwọn tó ń rí sí òfin Kòró nílùú. Ọ̀gbẹ́ni Àbáyọ̀mí, olórí wọn, wá pẹ̀lú ọkọ̀ àti èèyàn púpọ̀ láti wá ti ṣọ́ọ̀bù tó bá rú òfin pa. Ó wo kẹ́ẹ̀gì, ó wo òbìrí, ó wo owó lórí okùn. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó gbàgbé ohun tó bá wá. Ó ní òun fẹ́ kí wọ́n ya fọ́tò òun níbẹ̀ kí gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ lè rí i. Ìgbà yẹn ló tó rántí pé òun ò mú ìbòmú wá.

“Kò séwu,” ni Kòkúmọ́ wí, “ẹ dán èyí wò.”

Olórí dán an wò, kò bá a mu. Ó tó mélòó kan kí wọ́n tó rí èyí tó bá ojú fọ́tò mu, bí ó sì ti ń bọ́ ọ̀kan ni àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ ń gbà á wọ̀. Wọ́n ya fọ́tò. Ọ̀gbẹ́ni Àbáyọ̀mí ní ṣọ́ọ̀bù yìí ni àwòkọ́ṣe fún gbogbo oníṣòwò tó bá fẹ́ dáàbò bo àwọn oníbàárà rẹ̀. Wọ́n bọ́ ìbòmú, wọ́n dá wọn padà pẹ̀lú ọpẹ́, wọ́n sì sọdá lọ gba agbòjò lọ́wọ́ Edith, nítorí kò ní omi.

Ọjọ́ náà, Kòkúmọ́ ń fò bí ọmọdé lọ sílé. Ọjọ́ Sátidé ni. Àṣà kan sì wà tó ti ń dá lálẹ́ Sátidé láti ìgbà tí iṣẹ́ ìbòmú ti bẹ̀rẹ̀: ó máa ń mú ẹyọ kan lọ fún Morónkẹ́, torí ó ti sọ fún un pé kó máa wọ̀ ọ́ bó bá jókòó sójú wíńdò, kó sì wọ̀ ọ́ bí òun bá ti wọlé. Kì í ṣe èyí tí ọwọ́ bá ṣáà ti bà o. Gbogbo ọ̀sẹ̀ ni yóò fi máa ṣọ́ èyí tí àwọn èèyàn fẹ́ràn jù, èyí tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ ara wọn níwájú dígí, tí obìnrin mẹ́rin dán wò tí ọkùnrin mẹ́ta sì fẹ́ já gbà. Èyí tó bá dára lójú gbogbo ìlú ló dára fún ìyàwó òun. Á yọ ọ́ pamọ́, á ní wọ́n ti rà á.

Bó bá dé ilé, ẹ̀yìnkùlé ni yóò kọ́kọ́ lọ. Á bọ́ aṣọ, á wẹ̀, á fi ọṣẹ fọ ọwọ́ dé ìgbọ̀nwọ́. Á wá mú ọ̀rá tí ìbòmú wà nínú rẹ̀, á fi kànìnkànìn àti ọṣẹ fọ ọ̀rá náà látòkè délẹ̀, á nù ún, á fín sánítáísà sí i. Ìgbà tó bá dá a lójú pé kò sí kòkòrò kan lára ọ̀rá náà ni yóò tó nà án sí Morónkẹ́ láti ẹnu ọ̀nà yàrá.

“Ẹ ṣeun, Bàbá Inúmidùn,” Morónkẹ́ á wí. Á tú u, á gbé e sí imú lójú ẹsẹ̀, á sì dijú.

Bí ìyàwó rẹ̀ ṣe ń dijú yẹn máa ń dùn mọ́ Kòkúmọ́ nínú. Ó rò pé iṣẹ́ ọwọ́ òun ló ń wù ú.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé fọ́tò yẹn ni Morónkẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Ó ní otútù ni. Lọ́jọ́ kejì ara rẹ̀ gbóná, lọ́jọ́ kẹta èémí rẹ̀ di díẹ̀díẹ̀... rárá, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí: kò lè mí. Ó di etí bẹ́ẹ̀dì mú, èjìká rẹ̀ ń lọ sókè sódò, ojú rẹ̀ sì ń bẹ ọkọ rẹ̀ fún ohun tí kò sí lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀. Gbogbo òfin fò lọ lórí Kòkúmọ́. Ó gbé ìyàwó rẹ̀ sẹ́yìn, ó ń pariwo lójú títì títí onímọ́tò kan fi dúró.

Nílé ìwòsàn, wọ́n gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n sì fi afẹ́fẹ́ ọ́síjìn sí i nímú. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, Kòró ni. Wọ́n yẹ Kòkúmọ́ náà wò, kò sí nǹkan kan lára tirẹ̀. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì lábẹ́ igi ọ̀dán níta, níbi tí wọ́n ní kó mọ. Nọ́ọ̀sì kan tó ń jẹ́ Aishat jáde wá bá a láti bi í ní ìbéèrè.

“Ẹ pẹ̀lẹ́, Bàbá. Ibo ni Màmá lọ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì yìí?”

“Wọn ò lọ síbì kankan. Láti oṣù kẹrin, wọn ò tíì kọjá géètì.”

“Ta ló wá kí wọn?”

“Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ wá. Ẹ̀gbọ́n mi gan-an ò wọlé.”

“Ẹ̀yin ńkọ́? Iṣẹ́ wo lẹ̀ ń ṣe?”

Kòkúmọ́ sọ fún un. Ó sọ ti omi, ti ọṣẹ, ti òbìrí, ti owó inú abọ́. Kò ní ọkàn láti yangàn lọ́jọ́ náà, ó kàn fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé òun gbìyànjú. Nọ́ọ̀sì Aishat tẹ́tí sí i dáadáa.

“Bàbá, kí gbogbo oníṣòwò ìlú yìí rí bíi yín, iṣẹ́ wa ì bá dín kù.”

“Ẹ ṣeun, ọmọ mi. Mi ò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé èyí tí ò bá a mu lọ. Wọ́n á dán an wò níwájú dígí títí wọ́n á fi rí tiwọn.”

Nọ́ọ̀sì gbójú sókè. “Dán kí ni wò?”

“Ìbòmú.”

“Èyí tí wọ́n bá dán wò tí wọn ò rà ńkọ́?”

“Á padà sórí okùn ni. Ẹlòmíràn á dán an wò.”

Ohùn Nọ́ọ̀sì wá rọ̀ bí ẹni tó ń bá ọmọdé sọ̀rọ̀. “Ìbòmú tó wà lójú Màmá nígbà tí ẹ gbé wọn dé, Bàbá, ibo ni wọ́n ti rí i?”

Kòkúmọ́ la ẹnu láti dáhùn. Ó rí i nígbà náà: gbogbo ẹnu tó wúkọ́ sínú aṣọ yẹn, gbogbo ẹni tó rẹ́rìn-ín sínú rẹ̀, Bàbá Oyèkúnlé, olórí àti àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀, àti òun fúnra rẹ̀ lẹ́yìnkùlé, tó ń fi kànìnkànìn fọ ọ̀rá. Àwọn àgbà ní bí ikú ilé ò pani, tòde ò lè pani. Ó bo ojú rẹ̀, ó sì sunkún níwájú ọmọ tó lè bí.

Lọ́jọ́ kejì ó lọ sí ṣọ́ọ̀bù láti kó àwọn ìbòmú náà dànù. Èrò ló bá níbẹ̀. Ìròyìn ti tàn pé Kòró ti mú ìyàwó Kòkúmọ́, ẹ̀rù wá ba ìlú Ìlaròó nígbà àkọ́kọ́, gbogbo ẹni tó ti ń ṣiyèméjì ló wá ra ìbòmú. Wọn ò dúró de onílé kó tó ṣílẹ̀kùn. Wọ́n ti fọwọ́, kálukú wà nínú òbìrí rẹ̀, ẹni tó wà níwájú sì ti nawọ́ gba ojú wíńdò fa okùn síta, wọ́n ń gbà á dán wò láti òbìrí dé òbìrí.

“Ẹ bọ́ ọ!” Kòkúmọ́ figbe ta. “Ẹ má dán an wò mọ́! Ibẹ̀ ló wà! Inú ẹ̀ ló wà!”

“Ẹ ṣe sùúrù fún un,” Bàbá Oyèkúnlé wí láti inú ìbòmú kan. “Ìbànújẹ́ ni. Ọlọ́run á wo ìyàwó ẹ sàn, Kòkúmọ́.” Bàbá bọ́ ọ, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. “Èyí gùn jù díẹ̀. Kò sí èyí tó kéré jù báyìí lọ?”

Kòkúmọ́ dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ sórí ẹfun. Ó bẹ̀ wọ́n. Ó ṣàlàyé bí Nọ́ọ̀sì ṣe ṣàlàyé fún un. Wọ́n gbé e dìde, wọ́n ń gbọn aṣọ rẹ̀, àánú rẹ̀ ṣe wọ́n gan-an. Obìnrin kan ní bóyá kí ó lọ sinmi, àwọn á máa dá ara wọn lóhùn. Nígbà tó já okùn bọ́ tó sì da gbogbo ìbòmú sínú abọ́ omi ọṣẹ, àánú parí.

“Ṣé ká wá rà á láìdán an wò ni? Kí ló wá yà ẹ́ sọ́tọ̀ sí Edith?”

“Kò sí,” ni Kòkúmọ́ wí. “Edith sàn jù mí lọ.”

Wọ́n mi orí. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ náà ti kan ọpọlọ. Títí di òní, ohun tí wọ́n ń sọ ní Ìlaròó ni pé ṣọ́ọ̀bù Kòkúmọ́ ló mọ́ jù lọ nígbà Kòró, àfi ìgbà tí orí rẹ̀ dàrú díẹ̀.

Ọlọ́run bá wọn ṣe é, Morónkẹ́ ò kú. Ó pẹ́ kí wọ́n tó yọ ọ́síjìn nímú rẹ̀, ó sì rù nígbà tó máa fi padà wálé, ọ̀rùn rẹ̀ ti tín-ín-rín. Kòkúmọ́ ti ń ru ọ̀rọ̀ kan kiri láti abẹ́ igi ọ̀dán yẹn. Kò jẹ́ kí ìyàwó rẹ̀ jókòó dáadáa kó tó sọ ọ́.

“Ìyá Inúmidùn, èmi ni.”

“Ẹ̀yin ni kí?”

“Èmi ni mo gbé àrùn yẹn wọlé fún ọ. Àwọn ìbòmú yẹn, gbogbo ìlú ló ti fi ẹnu kàn wọ́n. Èyí tí ẹnu pọ̀ jù lára ẹ̀ gan-an ni mo máa ń ṣà fún ọ. Mi ò mọ̀. Mo fi Ọlọ́run búra, mi ò mọ̀.”

Morónkẹ́ wò ó. Ó kọ́kọ́ mí, ó tún mí, nítorí ó ti di ohun tó gbọ́dọ̀ ṣe kó tó lè sọ̀rọ̀.

“Èmi mọ̀,” ó wí.

“O mọ kí ni?”

“Mo mọ̀ pé wọ́n ti wọ̀ ọ́. Imú mi ṣì ń gbọ́ òórùn nígbà yẹn, Bàbá Inúmidùn. Òórùn aáṣáà wà lára ọ̀kan. Ọ̀kan ní lọ́fínńdà táwọn ọmọge póòlì máa ń fín. Èyí tó kẹ́yìn ní òórùn ẹja díndín, gbogbo òru ni mo fi ń rò ó pé ta ni yẹn nínú àwọn ará ọjà wa.”

“Kí ló dé tí o ò sọ fún mi? Kí ló dé tí o fi ń wọ̀ ọ́?”

“Ẹ̀ bá gbà á lọ́wọ́ mi ni.”

Morónkẹ́ na ọwọ́ sí i, ọwọ́ náà fúyẹ́.

“Mi ò bínú. Ẹ̀rù mi ló ń bà yín tẹ́ ẹ fi tì mí mọ́lé. Àmọ́ láti oṣù kẹrin, ẹnikẹ́ni ò wá kí mi mọ́. Alẹ́ Sátidé nìkan làwọn èèyàn máa ń wọlé wá bá mi.”